Orúkọ Létí Aṣọ: Ìwò Lámèyítọ́ sí Àmì Oníṣẹ́ Lára Àwòrán Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àṣamọ̀

Àríyànjiyàn wà láàrin àwọn ayàwòrán lórí bóyá ó tọ́ kí wọ́n máa tẹ orúkọ tàbí àmì wọn sójú àwòrán tí wọ́n bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan gbà pé odi tí ń dènà olè ni àmì náà. Àwọn mìíràn ní ńṣe ni ó ń ba ẹwà iṣẹ́ jẹ́. Iṣẹ́ yìí gbé àríyànjiyàn náà yẹ̀ wò láti ojú ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀, ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí aṣọ àti àwòrán aṣọ ti jọ ń wọ ọjà. Tíọ́rì ìmọ̀ àmì tí Charles Sanders Peirce gbé kalẹ̀ ni a lò fún ìtúpalẹ̀. Àbájáde iṣẹ́ náà ni pé àmì oníṣẹ́ kò lágbára tó láti dènà olè, ṣùgbọ́n ó lágbára láti jẹ́rìí. Nítorí náà, iṣẹ́ tí a fi àwòrán kan ṣe ni ó yẹ kí ó pinnu ibi tí àmì yóò wà àti bí yóò ṣe tóbi tó. Iṣẹ́ náà parí pẹ̀lú ojúṣe olùkọ́ tí ń fi àwòrán oníṣẹ́ kọ́ni nínú kíláàsì.

1. Ìfáàrà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Aswani máa ń kún jù lọ. Ní ọjọ́ náà, àwọn tí ń ta aṣọ òkìríkà, bàtà, báàgì àti aṣọ tí a kò tí ì rán máa ń pàtẹ, àwọn oníbàárà a sì máa ti ìgboro Èkó wá ṣa ọjà. Orúkọ tí àdúgbò náà ń jẹ́ kì í ṣe orúkọ ọba tàbí ti odò. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe aṣọ ni. Èyí fi hàn pé orúkọ ẹni tí ó ṣe nǹkan lè lẹ̀ mọ́ ibìkan títí tí àwọn tí ń pè é kò fi ní í bèèrè ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá mọ́.

Ọjà náà kò mọ sí orí ilẹ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ra aṣọ ní Aswani ni ó ń tún un tà lórí WhatsApp, Facebook àti Instagram. Wọn a fi fóònù ya aṣọ náà, wọn a gbé àwòrán rẹ̀ síta, oníbàárà tí kò fojú kan aṣọ a sì sanwó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwòrán kan ṣoṣo lè ti wà lójú ewé ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí kò ní aṣọ náà lọ́wọ́. Òmíràn nínú wọn jẹ́ alágbàtà tí yóò wá ra ọjà náà bí owó bá wọlé. Òmíràn jẹ́ gbájúẹ̀ tí yóò gba owó, tí yóò sì pa fóònù rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ya àwòrán pàdánù oníbàárà, ẹni tí ó sanwó pàdánù owó, ọjà náà lápapọ̀ sì pàdánù orúkọ rere.

Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ni kí a tẹ orúkọ sójú àwòrán. Ìbéèrè yìí kò kan àwọn oníṣòwò nìkan. Ó kan ayàwòrán ìgbéyàwó, ayàwòrán ilé-iṣẹ́ ìròyìn àti ẹni tí ń ya àwòrán gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà. Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni láti wádìí ohun tí àmì náà ń ṣe gan-an, kí a tó lè sọ bóyá ó yẹ tàbí kò yẹ.

2. Àmì Oníṣẹ́ àti Tíọ́rì Ìmọ̀ Àmì

Ohun tí iṣẹ́ yìí pè ní àmì oníṣẹ́ ni ohun tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ń pè ní wọ́tàmáàkì: orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí àmì ilé-iṣẹ́ tí a tẹ̀ sójú àwòrán lọ́nà tí ojú lè rí. Ó yàtọ̀ sí ìsọfúnni tí kámẹ́rà tàbí kọ̀ǹpútà fi pamọ́ sínú fáìlì àwòrán, tí ojú kò lè rí. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Bí a bá fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà fi í ránṣẹ́, ìsọfúnni abẹ́lẹ̀ náà kì í bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbà á. Èyí tí ojú rí nìkan ni ó ń bá àwòrán rìn.

Peirce pín àmì sí oríṣi mẹ́ta: àmì àfijọ, tí ó jọ ohun tí ó dúró fún, àmì atọ́ka, tí ó ní ìsopọ̀ gidi pẹ̀lú ohun tí ó ń tọ́ka sí, bí èéfín ti ń tọ́ka sí iná, àti àmì àdéhùn, tí àwùjọ fẹnu kò lé lórí, bí ọ̀rọ̀ àti orúkọ. Fọ́tò jẹ́ àmì àfijọ nítorí pé ó jọ ẹni tí a yà. Ó tún jẹ́ àmì atọ́ka, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ara ẹni náà wá ni ó fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ sínú kámẹ́rà.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní, a ó rí àlàfo kan. Fọ́tò ń tọ́ka sí ẹni tí ó dúró níwájú kámẹ́rà. Kò tọ́ka sí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àmì oníṣẹ́ ni ó ń dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n àmì àdéhùn ni orúkọ tí a tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí a yà á tán. Kò sí ìsopọ̀ àdámọ́ láàrin òun àti àwòrán. Bí ẹni kan ti lè tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ni ẹlòmíràn lè yọ ọ́ kúrò, tàbí kí ó fi tirẹ̀ rọ́pò.

3. Orúkọ Oníṣẹ́ Kí Íntánẹ́ẹ̀tì Tó Dé

Kì í ṣe àṣà àwọn oníṣẹ́ ọnà Yorùbá ayé àtijọ́ láti kọ orúkọ sára iṣẹ́. Kò túmọ̀ sí pé wọn kò ní orúkọ. Ẹnu ará ìlú ni orúkọ wọn ń gbé, oríkì ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó kú ní 1938, jẹ́ àpẹẹrẹ. Òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkéré tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn ńlá tí ó wáyé ní Wembley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1924, tí ó sì wà ní British Museum di òní. Ní Wembley, iṣẹ́ náà dé, orúkọ oníṣẹ́ kò dé. Ní ilé, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀: ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, John Pemberton gba oríkì Ọlọ́wẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹnu lè tọ́jú orúkọ níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ bá wà láàrin àwọn tí ó mọ oníṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá ré kọjá odò, ẹnu kì í sábàá bá a lọ.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ fọ́tò. Seydou Keïta ṣí ilé ìyàwòrán sí Bamako, olú-ìlú Mali, ní 1948. Ó ní òǹtẹ̀ tí ó máa ń tẹ̀ sẹ́yìn àwòrán tí ó bá fún oníbàárà, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú òǹtẹ̀ náà. Ní 1991, wọ́n fi àwọn àwòrán rẹ̀ hàn níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà Áfíríkà kan ní New York, wọ́n sì kọ sí i pé a kò mọ ẹni tí ó yà á. Ẹni tí wọ́n pè ní aláìmọ̀ yìí ṣì wà láàyè ní Bamako. Ìgbà tí André Magnin wá a lọ sí Mali ni a tó so orúkọ mọ́ iṣẹ́. Ní 1994, ilé àfihàn Fondation Cartier ní Paris ṣe àfihàn tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni nígbà tí ó kú ní 2001. Ó ti lé ní àádọ́rin kí ayé tó mọ̀ ọ́n.

Ìtàn Keïta kọ́ wa ní ohun méjì. Èkíní, àìsí orúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga. Owó, iyì àti ipò ẹni nínú ìtàn ni ó ń bá a lọ. Èkejì, níní àmì nìkan kò tó. Òǹtẹ̀ ẹ̀yìn àwòrán kò sí lára nẹ́gátíífù. Ẹni tí ó bá tún àwòrán náà tẹ̀ láti inú nẹ́gátíífù yóò rí ojú láìrí orúkọ. Íntánẹ́ẹ̀tì kò sì ní ẹ̀yìn tí a lè tẹ òǹtẹ̀ sí. Ìdí nìyí tí àmì fi kúrò lẹ́yìn, tí ó bọ́ sí iwájú.

4. Èrò Àwọn tí ó Fara Mọ́ Àmì àti ti Àwọn tí ó Lòdì sí I

Àwọn tí ó fara mọ́ ọn ní àmì oníṣẹ́ ń polówó. Ẹni tí ó bá rí àwòrán ìgbéyàwó tí ó wù ú yóò mọ ẹni tí yóò pè. Wọ́n tún ní ó ń dẹ́rù ba olè.

Èyí àkọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Èyí èkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Google tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, wọ́n fi hàn níbẹ̀ pé bí ilé-iṣẹ́ kan bá tẹ àmì kan náà, lọ́nà kan náà, sórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán, kọ̀ǹpútà lè fi àwọn àwòrán náà wé ara wọn, kí ó dá àmì náà mọ̀, kí ó sì yọ ọ́ kúrò láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Wọ́n tún rí i pé bí àmì bá ń yí ìrísí padà díẹ̀ láti orí àwòrán kan sí òmíràn, yíyọ rẹ̀ a ṣòro sí i. Láti 2021 sì ni irinṣẹ́ tí ń pa nǹkan rẹ́ kúrò nínú àwòrán ti wà lórí fóònù Pixel tí Google ń ṣe. Irú rẹ̀ ti wá pọ̀ lórí fóònù mìíràn. Ohun tí ó ń gba ọ̀gá oníṣẹ́ ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ọmọdé ń fi ìka ṣe.

Àwọn tí ó lòdì sí àmì náà ní àwíjàre tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní àwòrán jẹ́ odindi. Gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ayàwòrán fi ojú yàn. Bí ó bá wá tẹ orúkọ gàdàgbà sáàárín rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́, kí olè tó dé. Wọ́n tún tọ́ka sí ẹ̀tọ́ ẹni tí a yà. Ìyàwó tí ó sanwó fún àwòrán ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀ kò ní í fẹ́ kí nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn gba àyà rẹ̀ kọjá. A sì máa ń rí àwòrán tí àmì rẹ̀ tóbi ju iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ lọ, bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò tó ìbàǹtẹ́ tí ó ń fi lébẹ́lébẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́ sí i.

Àṣìṣe tí ó wà nínú ìjiyàn apá méjèèjì ni pé wọ́n ń fi àmì wé odi. Apá kan ní odi náà lágbára, apá kejì ní kò lágbára, ó sì burẹ́wà. Ẹlẹ́rìí ni àmì. Ẹjọ́ tí ilé-iṣẹ́ Getty Images, tí ń ta àwòrán, pe Stability AI ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 2023 fi èyí hàn. Ẹ̀rọ tí Stability AI ṣe máa ń ṣẹ̀dá àwòrán tuntun láti inú ohun tí ó ti kọ́ lára àìmọye àwòrán. Nínú àwọn tí ó ṣẹ̀dá, ìrísí wọ́tàmáàkì Getty yọ jáde lára òmíràn. Nínú ìdájọ́ oṣù Kọkànlá 2025, ilé-ẹjọ́ kò gbà pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ àdàkọ àwọn àwòrán Getty. Ṣùgbọ́n ó gbà, ní ìwọ̀nba, pé àmì tí ó yọ jáde náà tàpá sí ẹ̀tọ́ tí Getty ní lórí àmì òwò rẹ̀. Àmì náà kò dènà ohunkóhun. Síbẹ̀, òun ni ó jẹ́rìí níbi tí àwòrán kò ti lè sọ̀rọ̀.

5. Ẹ̀kọ́ Etí Aṣọ

Ẹni tí ó bá ń na ọjà Aswani mọ ibi tí orúkọ ń wà lára ankara. Etí aṣọ ni. Vlisco, tí a dá sílẹ̀ ní Helmond ní ilẹ̀ Netherlands ní 1846, máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí etí aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ náà kò bo ọ̀ṣọ́ inú aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni kò farasin. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò gbé etí aṣọ sókè, yóò kà á kí ó tó dúnàádúrà. Ẹni tí ó bá rán an tán lè gé e dànù, nítorí pé iṣẹ́ tí orúkọ náà ní láti ṣe ti parí lójú ọjà.

Àwọn tí ń ṣe ayédèrú aṣọ náà ti kọ́ láti tẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí etí tiwọn. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó torí èyí sọ pé kí Vlisco gbé orúkọ rẹ̀ wá sáàárín aṣọ. Ohun tí àwọn tí ó mọ aṣọ ń ṣe ni pé wọn kì í gba etí gbọ́ nìkan. Wọn a fọwọ́ pa aṣọ, wọn a wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a sì bèèrè ọwọ́ ẹni tí ó ti wá.

Etí aṣọ yìí lè ràn wá lọ́wọ́ láti pín àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì sí oríṣi méjì. Oríṣi kìíní ni àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọjà: àwòrán ìgbéyàwó, ti ìròyìn, ti iṣẹ́ ọnà. Ojú rẹ̀ ni a ń rà. Ibi tí àmì rẹ̀ yẹ ni etí, kí ó kéré, kí ó sì mọ́ tó láti kà. Olè lè gé e kúrò. Ṣùgbọ́n fáìlì tí ó tóbi, tí kò tí ì ní àmì, yóò wà lọ́wọ́ ayàwòrán, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó yà á; ẹ̀dà kékeré ni kí ó gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó ní odindi lọ́wọ́ kò ní í jiyàn pẹ́ pẹ̀lú ẹni tí ó ní gígé.

Oríṣi kejì ni àwòrán tí ó ń tọ́ka sí ọjà tí ó wà níbòmíràn, irú èyí tí àwọn oníṣòwò Aswani ń yà. Kò sí ẹni tí ń ra àwòrán bàtà. Bàtà ni wọ́n ń rà. Ẹwà kọ́ ni àkọ́kọ́ níbí, òtítọ́ ni. Ẹni tí yóò fara gbá bí wọ́n bá jí irú àwòrán yìí ni oníbàárà tí yóò fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní ọjà. Fún oríṣi yìí, ó tọ́ kí àmì hàn gbangba, kí ó sì gba ara ọjà náà kọjá, kí gígé etí má baà lè mú un kúrò.

Ọ̀nà kan tún wà tí ó dára ju títẹ̀ lọ. Kí oníṣòwò kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ òní sórí bébà, kí ó gbé e lé aṣọ náà, kí ó tó yà á. Ní ìbámu pẹ̀lú tíọ́rì Peirce, orúkọ náà kò ní í jẹ́ àmì àdéhùn tí a lẹ̀ mọ́ àwòrán lẹ́yìn nìkan mọ́. Yóò di ara ohun tí ó wà níwájú kámẹ́rà. Ẹ̀rọ lè pa á rẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí ó gbọ́n lè sọ fún ẹni tí ń tà pé kí ó kọ orúkọ òun oníbàárà sórí bébà, kí ó sì tún un yà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ní ọjà yóò ṣe é láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Gbájúẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

6. Ohun tí Òfin Sọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwòrán tí kò ní àmì kò ní olówó. Èrò yìí lòdì sí òfin. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà ti 1988, àti èyí tí ó rọ́pò rẹ̀, tí a ń pè ní Òfin 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, fọ́tò wà lára iṣẹ́ ọnà tí òfin dáàbò bò. Ẹ̀tọ́ náà kò dúró de àmì, kò sì dúró de ìforúkọsílẹ̀.

Òfin 2022 tún lọ síwájú. Ó fún oníṣẹ́ láyè láti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n mú iṣẹ́ òun tí ẹlòmíràn gbé síbẹ̀ kúrò. Ó sì ka yíyọ tàbí yíyí ìsọfúnni tí ó ń fi oníṣẹ́ hàn lára iṣẹ́ orí ẹ̀rọ sí ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà náà, ẹni tí ó gé orúkọ kúrò kí ó tó lo àwòrán kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Ìdí mìíràn nìyí tí àmì etí fi wúlò bí ó tilẹ̀ rọrùn láti gé: gígé náà fúnra rẹ̀ di ẹ̀rí.

7. Olùkọ́ni àti Àwòrán Oníṣẹ́

Kì í ṣe olè ọjà nìkan ni ó ń gé etí àwòrán. Ẹ jẹ́ kí a wo olùkọ́ tí ó fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní irun dídì. Yóò wá àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ṣeé ṣe kí ó bá iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere pàdé. Láti 1968 ni Ojeikere ti ń ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà. Àwọn àwòrán náà súnmọ́ ẹgbẹ̀rún kí ó tó kú ní 2014. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwòrán ẹ̀yìn orí, kí ojú lè gbájú mọ́ ọwọ́ onídìrí. Bí olùkọ́ bá gé orúkọ kúrò kí àwòrán lè wọ inú bébà rẹ̀ dáadáa, ohun tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ni pé irun náà ní orúkọ, ẹni tí ó tọ́jú ìrísí rẹ̀ fún wọn kò ní. Wọn a sì mú àṣà náà dé ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn náà yóò ti kọ́ni.

Kíkọ orúkọ oníṣẹ́ sábẹ́ àwòrán kò ná olùkọ́ ní kọ́bọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ yìí dábàá pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fi í kún ohun tí a fi ń díwọ̀n ohun èlò ìkọ́ni: orúkọ ẹni tí ó ya àwòrán, ọdún tí ó yà á bí a bá mọ̀ ọ́n, àti ibi tí a ti rí i. Bí a kò bá sì mọ oníṣẹ́, kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíràn lè wá a, bí Magnin ti wá Keïta.

8. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti gbé ìbéèrè yẹ̀ wò lórí bóyá ó yẹ kí ayàwòrán tẹ àmì sójú àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti fi hàn pé ó yẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ìdí tí ọ̀pọ̀ rò. Àmì kì í dá olè dúró. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń sọ ẹni tí ó dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, ó sì ń sọ gígé di ẹ̀rí. Àwòrán tí a ń ta fún ẹwà rẹ̀ yẹ kí ó gbé orúkọ sí etí. Àwòrán tí a fi ń ta ọjà yẹ kí ó gbé e sára ọjà. Iṣẹ́ tó kù kì í ṣe ti ayàwòrán nìkan. Orúkọ etí aṣọ wúlò nítorí pé àwọn tí ń ra aṣọ máa ń gbé etí rẹ̀ sókè láti kà á. Bí àwọn tí ń wo àwòrán, pàápàá àwọn tí ń fi í kọ́ ọmọ, kò bá ka ohun tí a kọ sí etí, kò sí bí ayàwòrán ṣe lè tẹ orúkọ rẹ̀ tóbi tó tí yóò fi hàn.